Ìkànlẹ̀kùn ò dáwọ́ dúró lórí sáfà mi: ṣé kí n jẹ́ kí ẹ̀rọ máa ti àwọn IP burúkú síta fúnra rẹ̀?

Olùtọ́jú_Ìkànnì (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Sáfà kan ṣoṣo ni mò ń bójú tó. Debian 12, ẹ̀yà Linux kan, ló wà lórí rẹ̀, nginx (ètò tó ń fi ojú ìwé ránṣẹ́ sí àlejò) àti WordPress (ètò tí a fi ń kọ ìkànnì) ló ń gbé ìkànnì ẹgbẹ́ wa. Láti nǹkan bí ọdún kan tí mo ti gbé e dìde, mi ò fara balẹ̀ ka lọ́ọ̀gì rẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀, rí. Àná ni mo jókòó tì í, àyà mi sì já. Láàárín ọjọ́ kan péré, ìgbà tó lé ní 9,000 ni wọ́n ti gbìyànjú láti gba SSH, ọ̀nà tí a ń gbà darí sáfà láti òkèèrè, wọlé. Díẹ̀ nínú rẹ̀ rèé, mo ti fi àwọn àdírẹ́sì IP àpẹẹrẹ (nọ́ńbà tí a fi ń mọ ẹ̀rọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì) rọ́pò àwọn tòótọ́:

`Failed password for root from 203.0.113.77 port 51122 ssh2`
`Failed password for invalid user admin from 198.51.100.9 port 40310 ssh2`
`Failed password for invalid user oracle from 198.51.100.9 port 40388 ssh2`

Kò sí ẹni tó ń jẹ́ oracle lórí sáfà mi. Lọ́ọ̀gì nginx náà ò yàtọ̀: POST /wp-login.php (ojú ìwé ìwọlé WordPress), POST /xmlrpc.php (ọ̀nà tí app ń gbà bá a sọ̀rọ̀), títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo kọ́kọ́ ń fọwọ́ kó àwọn IP náà sínú iptables, firewall tó ń pinnu ẹni tó lè wọlé sórí ẹ̀rọ, níkọ̀ọ̀kan. Mo ti dí nǹkan bí 40 kí n tó sùn. Nígbà tí mo jí, àwọn 40 yẹn ti dákẹ́, àmọ́ àwọn mìíràn tí mi ò rí rí ti gba ipò wọn. Iṣẹ́ yìí ju ọwọ́ èèyàn lọ.

Mo gbọ́ pé Fail2ban lè máa dá a ṣe. Ṣé òun nìkan tó? Àṣìṣe wo sì ni ẹ̀yin tí ẹ ti lò ó ṣe, kí èmi náà má baà kó sínú rẹ̀?

---

Ọdẹ_Òru

Ẹ ǹlẹ́ o. Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé kì í ṣe ẹ̀yin gan-an ni wọ́n ń wá. Gbogbo àdírẹ́sì IPv4 tó wà kò ju nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.3 lọ. Irinṣẹ́ bíi ZMap, tó jáde ní 2013, lè kan pọ́ọ̀tì kan (ẹnu ọ̀nà kan lára ẹ̀rọ) lórí gbogbo wọn láàárín wákàtí kan tí íntánẹ́ẹ̀tì ẹni bá yára tó. Ìdí nìyẹn tí sáfà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn kì í fi í pẹ́ rí àlejò àìpè. Bọ́ọ̀tì ni wọ́n, ètò kọ̀ǹpútà tó ń dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Wọ́n ń ti ilẹ̀kùn wò láti ojúlé dé ojúlé, èyí tó bá ṣí ni wọ́n ń wọ̀.

Fail2ban bá ohun tí ẹ ń wá mu. Cyril Jaquier ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2004, èdè Python ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó ń ka lọ́ọ̀gì bó ṣe ń jáde, ó ń wá ìlà tó jọ àpẹẹrẹ tí ẹ fún un, ó ń ka iye ìgbà tí IP kan náà dá irú ẹ̀ṣẹ̀ yẹn. Tó bá ti pé iye tí ẹ sọ, yóò ní kí firewall ti IP náà síta. Nígbà tí àkókò ìjìyà bá pé, yóò tún ṣí ilẹ̀kùn fún un. Jail ni wọ́n ń pe ìlànà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹ̀wọ̀n.

Nọ́ńbà mẹ́ta ló gbé iṣẹ́ náà ró. maxretry ni iye àṣìṣe tí ẹ lè fara mọ́. findtime ni àkókò tí àwọn àṣìṣe yẹn gbọ́dọ̀ bọ́ sí. bantime ni bí IP náà ṣe máa pẹ́ tó lóde. Bí Fail2ban ṣe wá látilẹ̀, àṣìṣe 5 láàárín ìṣẹ́jú 10 ló ń sọ èèyàn sẹ́wọ̀n ìṣẹ́jú 10. Ìṣẹ́jú 10 yẹn kéré jù lójú tèmi, torí kì í sú bọ́ọ̀tì, yóò padà wá. Ohun tí mò ń lò nìyí:

```
[DEFAULT]
ignoreip = 127.0.0.1/8 ::1
findtime = 10m
maxretry = 4
bantime = 1h
bantime.increment = true
bantime.maxtime = 4w

[sshd]
enabled = true
```

bantime.increment wà láti ẹ̀yà 0.11. Ẹni tó bá tún padà wá dá ẹ̀ṣẹ̀ kan náà, ìjìyà rẹ̀ á máa di ìlọ́po méjì: wákàtí 1, 2, 4, 8, títí á fi dé òpin tí ẹ fi sí i. Inú /etc/fail2ban/jail.local ni kí ẹ kọ ọ́ sí o, kì í ṣe jail.conf. Tí ẹ̀yà tuntun bá dé, ó lè pa gbogbo ohun tí ẹ kọ sínú jail.conf rẹ́.

---

Akẹ́kọ̀ọ́_Linux

Ẹ̀gbọ́n, mo ṣe bí ẹ ṣe sọ gẹ́lẹ́ lórí Debian 12 tèmi, kò tiẹ̀ fẹ́ dìde. Ohun tó kọ sílẹ̀ ni "Have not found any log file for sshd jail". Mo wá /var/log/auth.log, kò sí níbẹ̀ rárá. Ṣé mo ti ba nǹkan jẹ́ ni?

---

Ọdẹ_Òru

O ò ba nǹkan kan jẹ́, àbúrò. Láti Debian 12 ni rsyslog, ètò tó ń kọ lọ́ọ̀gì sínú fáìlì, kò ti bá ẹ̀rọ wá mọ́ àfi téèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ fi sí i. Inú journald, ibi tí systemd ń kó lọ́ọ̀gì sí, ni gbogbo lọ́ọ̀gì ń lọ, Fail2ban sì ń wá fáìlì tí kò sí. Fi ìlà yìí sábẹ́ [sshd]:

`backend = systemd`

Rí i pé package python3-systemd wà lórí ẹ̀rọ rẹ, kí o tún un gbé dìde. Debian 12 ni Olùtọ́jú náà ń lò, ó yẹ kí n ti sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má bínú.

---

Akẹ́kọ̀ọ́_Linux

Ó ti dìde! Kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti ti 3 síta. Ẹ ṣeun gan-an ni.

---

Kọ́kọ́rọ́_Ilé

Ẹ jẹ́ kí n ta kò yín díẹ̀. Gbogbo ohun tí ẹ ti ń sọ láti òkè dá lórí bí a ṣe máa lé àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tó tíì bi Olùtọ́jú bóyá ilẹ̀kùn náà ní àgádágodo. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ẹ lọ sínú sshd_config, fáìlì ètò sshd, ìyẹn apá SSH tó wà lórí sáfà:

```
PasswordAuthentication no
KbdInteractiveAuthentication no
PermitRootLogin prohibit-password
```

Tí SSH kò bá gba páswọ́ọ̀dù mọ́ rárá, ìbáà jẹ́ ìgbìyànjú 9,000 tàbí mílíọ̀nù 9, ibì kan náà ni wọ́n máa já sí. Kò sí bọ́ọ̀tì tó máa ṣàdédé ṣe kòńgẹ́ kọ́kọ́rọ́ ed25519, fáìlì àṣírí tí a ń lò dípò páswọ́ọ̀dù.

Ẹ tún wo èyí. Botnet tó tóbi, ìyẹn agbo ẹ̀rọ tí ọ̀daràn ti gbà, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún IP lábẹ́ àkóso rẹ̀. Ọ̀kan á gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, á yẹra, òmíràn á gba iṣẹ́ náà ṣe. maxretry yín kò ní pé láé. Àwọn bọ́ọ̀tì tí wọn ò gbọ́n ni ẹ ń kó sẹ́wọ̀n, àwọn tó gbọ́n ń kọjá níwájú yín.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, OpenSSH, ètò tó ni sshd, fúnra rẹ̀ ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láti ẹ̀yà 9.8, tó jáde ní oṣù Keje 2024. PerSourcePenalties ni orúkọ rẹ̀, títàn ló sì wà látilẹ̀. IP tó bá ń ṣe àṣìṣe lemọ́lemọ́, sshd á kọ̀ láti dá a lóhùn fún ìgbà díẹ̀.

---

Ọdẹ_Òru

Ẹ̀gbọ́n Kọ́kọ́rọ́, òótọ́ lẹ sọ. Kọ́kọ́rọ́ ló yẹ kó ṣáájú; ẹnikẹ́ni tó bá fi Fail2ban rọ́pò rẹ̀ ti ṣi iṣẹ́ ṣe. Àmọ́ ohun mẹ́ta ni kò jẹ́ kí n tẹ̀ lé yín dé òpin.

Ọ̀kan ni MaxStartups. Bí sshd ṣe wá látilẹ̀, 10:30:100 ló wà níbẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé tí àwọn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tí wọn ò tíì fi ara wọn hàn bá ti pé 10, sshd á bẹ̀rẹ̀ sí í já 30 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń bọ̀ sílẹ̀ láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìjásílẹ̀ ń pọ̀ sí i, tó bá di 100, kò sí ẹni tó ń wọlé mọ́. Kọ́kọ́rọ́ yín ì báà dára tó goolu, bí bọ́ọ̀tì bá ti kún ẹnu ọ̀nà, ẹ̀yin tí ẹ ni sáfà lè máà ráyè wọ inú ilé yín. Èkejì, wp-login kò mọ kọ́kọ́rọ́ SSH. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn ń fi páswọ́ọ̀dù wọlé síbẹ̀, òmíràn nínú wọn sì ń lo páswọ́ọ̀dù kan náà níbi mẹ́wàá. Ẹ̀kẹta, OpenSSH 9.2 ló wà nínú Debian 12. PerSourcePenalties kò sí nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wà lórí 9.8 tàbí èyí tó jù ú lọ, ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kan: wọ́n ti pín sshd sí apá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, orúkọ tó ń hàn nínú lọ́ọ̀gì ti di sshd-session. Fail2ban tó ti pẹ́ kò mọ orúkọ yẹn. Yóò wà ní títàn, kò ní bú gbàù, kò sì ní mú ẹnì kankan. Ẹ wo lọ́ọ̀gì yín kí ẹ tó fọkàn balẹ̀.

---

Kọ́kọ́rọ́_Ilé

Mo gbà lórí MaxStartups. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí, mo sì rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló bàjẹ́. Wákàtí méjì ni mo fi wá ohun tí kò sọnù. Àmọ́ mi ò kúrò lórí ètò ẹsẹẹsẹ: àgádágodo kọ́kọ́, ọlọ́dẹ lẹ́yìn.

---

Oníwáyà

Ẹ dákun, kí ọ̀rọ̀ tó kúrò lórí wp-login, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi, nítorí ohun tó lè ṣe ẹnikẹ́ni ni.

Ìkànnì kan wà lábẹ́ ìtọ́jú mi tó wà lẹ́yìn CDN, ìyẹn àwọn sáfà alárinà tó ń gba àlejò níwájú tiwa. Mo gbé jail kalẹ̀ fún wp-login: àṣìṣe 5, ẹ̀wọ̀n ọjọ́ kan. Mo dán an wò, ó ṣiṣẹ́, mo sì lọ jẹun. Kí n tó padà dé, fóònù mi ti ń dún: ìkànnì ò ṣí mọ́. Kì í ṣe fún gbogbo èèyàn o, ó ń ṣí fún àwọn kan, kò ṣí fún àwọn kan, ìyẹn ló jẹ́ kó le láti mọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí mo wo àwọn tó wà lẹ́wọ̀n, IP mọ́kànlá ni, gbogbo wọn pátá jẹ́ ti CDN náà. Mo ti fọwọ́ ara mi ti alárinà mi síta. Gbogbo èèyàn tó ń gba ọ̀dọ̀ wọn wá ni mo tì mọ́ ìta pẹ̀lú bọ́ọ̀tì kan ṣoṣo.

Ìdí rẹ̀ ni pé tí sáfà bá wà lẹ́yìn proxy (alárinà bíi CDN), ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ gan-an ni proxy yẹn. IP rẹ̀ ni nginx ń kọ sílẹ̀. Orúkọ àlejò tòótọ́ wà nínú lẹ́tà tí alárinà mú dání, ìyẹn X-Forwarded-For, tàbí CF-Connecting-IP tó bá jẹ́ Cloudflare. Ẹ ní láti sọ fún nginx pé kó ka lẹ́tà náà:

```
set_real_ip_from 192.0.2.0/24;
real_ip_header X-Forwarded-For;
```

Ẹ fi àwọn IP tí CDN yín fúnra wọn kéde rọ́pò 192.0.2.0/24. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe kọ 0.0.0.0/0 síbẹ̀ kí iṣẹ́ lè yá. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ ohun tó wù ú sínú X-Forwarded-For. Tí ẹ bá ń gba lẹ́tà lọ́wọ́ gbogbo ayé, ọ̀tá lè kọ IP aláìṣẹ̀ síbẹ̀, ẹ̀yin á sì bá a sọ aláìṣẹ̀ sẹ́wọ̀n. Ó tiẹ̀ lè kọ IP tiyín.

Èyí tó kù ló ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn ṣubú. Ká ní lọ́ọ̀gì yín ti ń fi IP tòótọ́ hàn, Fail2ban sì ti kọ ọ́ sínú iptables. Kò ní ran nǹkan kan! Pákẹ́ẹ̀tì tó ń wọlé ṣì ń ti ọ̀dọ̀ proxy wá, iptables kò ka lẹ́tà inú rẹ̀, IP bọ́ọ̀tì yẹn kò ní hàn sí i láéláé. Fail2ban á máa sọ fún yín pé òun ti ti 200 síta, àwọn 200 náà á sì máa wọlé wọn jẹ́jẹ́. Ibi tí wọ́n ti lè rí IP tòótọ́ nìkan ni ẹ ti lè dí i: nínú nginx fúnra rẹ̀, kí action yín (ohun tí Fail2ban ń ṣe láti ti IP síta) máa kọ `deny` sínú fáìlì kan kó sì reload, tàbí lọ́dọ̀ CDN, nípasẹ̀ API wọn (ọ̀nà tí ètò kan ń gbà bá òmíràn sọ̀rọ̀). Ti CDN ni mo yàn, torí níbẹ̀, ìbéèrè burúkú náà kì í dé ọ̀dọ̀ mi rárá.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí firewall yín gba pọ́ọ̀tì 80 àti 443, ti ìkànnì, lọ́wọ́ IP CDN nìkan. Bọ́ọ̀tì tó bá mọ IP sáfà yín gan-an kò nílò láti gba ẹnu ọ̀nà iwájú.

---

Olùtọ́jú_Ìkànnì

Ẹ ṣeun, Oníwáyà. Kò sí CDN níwájú tèmi báyìí, àmọ́ a ti ń sọ ọ́ nínú ẹgbẹ́ pé ká gba ọ̀kan. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀.

---

Atọ́nà

Mo fẹ́ fi kún ohun tí Oníwáyà sọ nípa aláìṣẹ̀. IP kì í ṣe èèyàn. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún oníbàárà sẹ́yìn IP kan ṣoṣo, nítorí IPv4 kò tó mọ́. CGNAT ni wọ́n ń pè é. Wọ́n tiẹ̀ ya 100.64.0.0/10 sọ́tọ̀ fún un ní 2012. Tí fóònù ẹnì kan nínú wọn bá ti kó àrùn, tí ẹ sì fún IP yẹn lẹ́wọ̀n oṣù kan, ẹ ti ti àdúgbò kan síta nítorí ẹnì kan. Lórí SSH, mo lè fara mọ́ ẹ̀wọ̀n gígùn, torí àwọn tó yẹ kó wọ ibẹ̀ kò pọ̀. Lórí ìkànnì tí gbogbo èèyàn ń wò, mi ò jẹ́ jẹ́ kó kọjá wákàtí kan níbẹ̀rẹ̀, mo sì máa ń ti wp-login nìkan mọ́ wọn, kí wọ́n ṣì lè ka ohun tó wà lórí ìkànnì.

IPv6, irú àdírẹ́sì tuntun tó pọ̀ ju IPv4 lọ fíìfíì, ló wá yí ọ̀rọ̀ padà pátápátá. Níbẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo sábà máa ń ní /64 fún ara rẹ̀, ìyẹn àdírẹ́sì tó lé ní bílíọ̀nù 18 lọ́nà bílíọ̀nù. Fail2ban ti mọ IPv6 láti ẹ̀yà 0.10, àmọ́ àdírẹ́sì kan ṣoṣo ló ń tì síta. Bọ́ọ̀tì á yí díẹ̀ padà lẹ́yìn àdírẹ́sì rẹ̀, á sì tún di àlejò tuntun. Ẹ tún action yín kọ kó lè ti gbogbo /64 náà.

---

Olùtọ́jú_Ìkànnì (ọjọ́ kejì)

Ẹ̀yin ará, mo ti ti ara mi síta.

Lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ yín, mo kọ́kọ́ yí páswọ́ọ̀dù padà, mo sì gbé Fail2ban dìde pẹ̀lú ètò Ọdẹ_Òru. Ohun tí mo gbàgbé ni pé ẹ̀rọ SFTP kan (tó ń gba SSH fi fáìlì ránṣẹ́) wà lórí láptọ́ọ̀pù mi tó ti fi páswọ́ọ̀dù àtijọ́ pamọ́, tó sì ń dá gbìyànjú láti so ara rẹ̀ pọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló kan ilẹ̀kùn kí n tó mọ̀. Lójijì, SSH kò dáhùn mọ́. Mo lọ sí ojú ìwé ilé-iṣẹ́ tó ni sáfà, mo pa á, mo tún un tàn, mo lérò pé ìyẹn á tú mi sílẹ̀. Kò tú mi sílẹ̀.

---

Ọdẹ_Òru

Kò ní tú yín sílẹ̀ lóòótọ́. Fail2ban ń kọ orúkọ àwọn ẹlẹ́wọ̀n sínú /var/lib/fail2ban/fail2ban.sqlite3, tó bá jí, á tún ti gbogbo wọn mọ́lé padà. Ẹ gba console tó wà lójú ìwé ilé-iṣẹ́ náà wọlé, èyí kò gba SSH kọjá, kí ẹ sì kọ:

`fail2ban-client set sshd unbanip 203.0.113.40`

Ẹ fi IP yín rọ́pò rẹ̀. Tí IP ilé yín kì í bá yí padà, ẹ fi í sínú ignoreip, àkójọ àwọn IP tí Fail2ban kò ní tì síta. Tó bá ń yí padà, ẹ má fi í síbẹ̀, torí lọ́la ẹlòmíràn lè máa lò ó.

---

Olùtọ́jú_Ìkànnì

Mo ti jáde. Ọlọ́run bù kún yín. Mo ti pa ẹ̀rọ SFTP yẹn, mo ti ṣe kọ́kọ́rọ́ ed25519, mo sì ti pa páswọ́ọ̀dù bí Kọ́kọ́rọ́_Ilé ṣe wí. Àmọ́ láti ìgbà náà, àwọn tí Fail2ban ń mú ti dín kù gidi, síbẹ̀ lọ́ọ̀gì ṣì kún fún `Connection closed by authenticating user root ... [preauth]`. Kí ló fà á?

---

Ọdẹ_Òru

Bọ́ọ̀tì náà dé, ó rí i pé wọn ò gba páswọ́ọ̀dù, ó yí padà. Kò sí "Failed password" tí Fail2ban máa kà. Bó ṣe wà látilẹ̀, ìlà preauth yẹn kì í wọ inú ìṣirò rẹ̀. Ẹ fi `mode = aggressive` sábẹ́ [sshd], yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Ó ku wp-login. WordPress kì í sọ 401, kóòdù tó túmọ̀ sí pé a kò gbà ọ́, tí páswọ́ọ̀dù bá kùnà. 200, ìyẹn "ó dára", ló ń dá padà, ó sì tún fọ́ọ̀mù náà gbé wá. Ẹni tó bá wọlé lóòótọ́ ló ń rí 302, ìyẹn "lọ sí ojú ìwé mìíràn". Torí náà, POST sí wp-login tó gba 200 ni kí ẹ máa kà sí àṣìṣe. Ẹ kọ èyí sínú /etc/fail2ban/filter.d/wp-iwole.conf:

```
[Definition]
failregex = ^<HOST> -.*"POST /wp-login\.php[^"]*" 200
```

Jail rẹ̀ nínú jail.local:

```
[wp-iwole]
enabled = true
backend = auto
port = http,https
filter = wp-iwole
logpath = /var/log/nginx/access.log
maxretry = 6
```

Kí ẹ tó tàn án, ẹ dán an wò lórí lọ́ọ̀gì tó ti wà nílẹ̀:

`fail2ban-regex /var/log/nginx/access.log /etc/fail2ban/filter.d/wp-iwole.conf`

Ó máa sọ iye ìlà tó bá mu. Tó bá jẹ́ 0, àpẹẹrẹ yín kò bá lọ́ọ̀gì yín mu. Tó bá sì pọ̀ jù, ẹ ka díẹ̀ nínú rẹ̀ kí ẹ tó sọ ẹnikẹ́ni sẹ́wọ̀n. xmlrpc.php ńkọ́? Tí kò bá sí app fóònù tàbí plugin tó ń lò ó, ẹ tì í pa nínú nginx pátápátá. Kò sídìí láti máa ka ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tí ẹ kò lò.

---

Akẹ́kọ̀ọ́_Linux

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí a ò kàn ti odidi orílẹ̀-èdè tí bọ́ọ̀tì ti ń wá jù síta?

---

Atọ́nà

Nítorí kì í ṣe orílẹ̀-èdè yẹn ló ń kọlù ọ́. Sáfà yíyá, router ilé tí wọ́n ti gbà, kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà tí ẹni tó ni ín kò yí páswọ́ọ̀dù rẹ̀ padà rí, àwọn ni. Botnet Mirai ní 2016, kámẹ́rà àti router irú èyí ni wọ́n fi kó o jọ, káàkiri ayé ni wọ́n sì wà. Bí o bá ti orílẹ̀-èdè kan, ọlọ́ṣà á yá sáfà ní òmíràn kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn òǹkàwé rẹ tó wà níbẹ̀ ló máa jìyà rẹ̀.

Tí o bá fẹ́ tì ju ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ, lo àkójọ tí àwọn tó ń ṣọ́ ọ ń tún ṣe lójoojúmọ́. Spamhaus ní èyí tí wọ́n ń pè ní DROP, ọ̀fẹ́ ni: agbègbè àdírẹ́sì tí àwọn ọ̀daràn gbà tàbí tí wọ́n jí gbé lódindi ló wà níbẹ̀. CrowdSec náà wà, tí ilé-iṣẹ́ kan ní Faransé gbé jáde. Ó ń ka lọ́ọ̀gì bíi Fail2ban, àmọ́ IP tó bá dá ẹ̀ṣẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnì kan, àwọn tó kù á gbọ́ nípa rẹ̀. Èyí ló sún mọ́ ìdáhùn jù fún botnet tí Kọ́kọ́rọ́_Ilé sọ, èyí tí IP rẹ̀ ń kan ilẹ̀kùn ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Má ṣe kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún IP sínú iptables ní ìlà kọ̀ọ̀kan o. Ó ń kà wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀ fún pákẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Lo ipset, tàbí set inú nftables (firewall Linux tó tuntun ju iptables lọ), ìlà kan ṣoṣo á sì tó fún gbogbo wọn. Ipset kan kì í gbà ju 65,536 lọ àfi tí o bá fi maxelem pọ̀ ọ́n sí i.

---

Oníwáyà

Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tó bá ń lo Docker, tó ń kó ètò sínú àpótí tí wọ́n ń pè ní container: ìbéèrè tó ń lọ sínú container kì í gba INPUT (ọ̀nà firewall fún ohun tó ń bọ̀ wá bá ẹ̀rọ gan-an) kọjá, FORWARD (ọ̀nà ohun tó ń kọjá lọ síbòmíràn) ló ń gbà. Ẹ ó rí IP lẹ́wọ̀n, ẹ ó sì tún rí i nínú lọ́ọ̀gì. Ẹ fi `chain = DOCKER-USER` sínú jail náà, kí ẹ sì lo `banaction = iptables-allports`, torí pọ́ọ̀tì ti yí padà sí ti inú container kó tó débẹ̀.

---

Olùtọ́jú_Ìkànnì (ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà)

Mo padà wá jíṣẹ́. Ìgbìyànjú SSH tó ń wọ lọ́ọ̀gì ti já láti 9,000 lójúmọ́ sí nǹkan bí 600, kò sì sí páswọ́ọ̀dù kankan tí wọ́n lè fi wọlé mọ́. xmlrpc ti di títì. Lórí wp-login, ọmọ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló bọ́ sẹ́wọ̀n, ó ti gbàgbé páswọ́ọ̀dù rẹ̀. Ó pè mí, mo tú u sílẹ̀, a sì bá a ṣe tuntun. Mo ti wá gbé maxretry ibẹ̀ sí 8. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo lè ka lọ́ọ̀gì mi láti òkè délẹ̀ kí n sì rí ohun tó ṣe pàtàkì. Lánàá ni mo rí plugin kan tó ń kùnà ní gbogbo wákàtí, tí ariwo bọ́ọ̀tì ti bò mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

IPv6 ló kù. Alẹ́ òní ni màá kọ action fún /64 tí Atọ́nà sọ.

---

Atọ́nà

Ẹ kú iṣẹ́ gan-an ni. Kí ẹ tó restart rẹ̀ lálẹ́ òní, ẹ jẹ́ kí console ilé-iṣẹ́ yẹn wà ní ṣíṣí lójú fèrèsé kejì. Tí láptọ́ọ̀pù yín bá ń gba IPv6 jáde, /64 kan náà ni òun àti fóònù yín máa ń wà nílé.